Ìyàwó ní Fìdítì, Ọkọ ní Ìlọrà

Nígbà tí mo dé ilé ọkọ mi ní Fìdítì, àbúrò ọkọ mi tó kéré jù kò tíì ju ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Èmi ni mo ń wẹ̀ fún un, èmi ni mo ń lọ aṣọ iléèwé rẹ̀, síbẹ̀ èmi náà ni mo ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀. Mo máa ń ní, "Ọkọ mi, ẹ káàárọ̀." Òun náà á ní, "Ìyàwó, kí lo sè?" Àlejò tó bá gbọ́ ọ lè rò pé eré ni à ń ṣe. Kì í ṣe eré rárá. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti bí sínú agbo ilé kí ìyàwó tó wọlé, ọkọ ìyàwó náà ni, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́. Ìyàwó kò gbọdọ̀ la orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn lórí. Mo fún tèmi ní orúkọ àdàpè nítorí eyín rẹ̀ tó funfun, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára títí ó fi di géńdé.

Ní Ìlọrà, níbi tí wọ́n gbé bí mi, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Bí mo bá ti yọ sí agbo ilé bàbá mi, àwọn ìyàwó ilé ni yóò kúnlẹ̀ fún mi, títí kan àwọn tó ti ní ọmọ-ọmọ. Wọ́n á ní, "Ọkọ wa dé o!" Èmi náà á tún ìró mi ró dáadáa, n ó jókòó, n ó sì béèrè ohun tí wọ́n sè. Bẹ́ẹ̀ mọ́tò kì í pẹ́ rárá láti Fìdítì, kọjá Jọbẹ̀lẹ́, dé Ìlọrà. Mo máa ń sọ fún ọkọ mi pé ìyàwó ló ń wọ mọ́tò, ọkọ ló ń sọ̀ kalẹ̀. Á rẹ́rìn-ín. Tíṣà ni, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà tí mo gba iṣẹ́ káńsù. Wẹ́fíà ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ń pe èmi alára ní Wẹ́fíà. Mo ń lọ káàkiri, Fìdítì, Ìmíní, Jọbẹ̀lẹ́, Ìlọrà, mo ń kọ́ àwọn obìnrin ní ìtọ́jú ọmọ, aṣọ rírán àti búrẹ́dì ṣíṣe. Kẹ̀kẹ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá ìjọba fún mi ní alùpùpù kan, mo sì ń tì í ju bí mo ṣe ń gùn ún lọ. Àwọn ọkùnrin tó bá rí mi lójú ọ̀nà á máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé ta ló ń gbé ẹnì kejì nínú àwa méjèèjì. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà gan-an, mi ò ní purọ́.

Ohun tó lé mi kúrò lẹ́nu rẹ̀ ni omi. Ilé ìgbẹ̀bí tó wà ní Fìdítì nígbà náà dára lójú, ó ní òrùlé páànù, ó ní bẹ́ẹ̀dì, nọ́ọ̀sì rẹ̀ sì mọ iṣẹ́. Omi ni kò sí níbẹ̀. Aláboyún tó bá fẹ́ bímọ níbẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ru omi wá. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá wá dé, tí odò gbẹ, ìdààmú gbáà ni. Lọ́jọ́ kan mo débẹ̀, mo bá obìnrin kan tó ti bí, ọmọ sì wà lórí aṣọ, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti lọ wá omi láti ìdájí, kò tíì dé. Omi mímu tó kù sínú ìgò nọ́ọ̀sì ni wọ́n fi nu ọmọ náà. Ìyá yè, ọmọ yè, ṣùgbọ́n inú bí mi gidigidi lọ́jọ́ náà.

Mo kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá. Mo tún kọ òmíràn. Níkẹyìn wọ́n ní kí n wá sí ìpàdé ní Ọ̀yọ́. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìpàdé títí oòrùn fi kanrí. Wọ́n sọ̀rọ̀ ọ̀nà, wọ́n sọ̀rọ̀ ọjà, wọ́n sọ̀rọ̀ àga tuntun fún ọ́fíìsì. Nígbà tó yá ọ̀kan nínú wọn yọ jáde, inú mi dùn, mo rò pé ó kàn mí. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n bá àwọn bu omi tútù wá. Mo bu ú fún wọn. Mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń mu ún, mo sì mọ̀ lọ́jọ́ náà pé ẹni tó bá wà lẹ́nu ọ̀nà, omi ni wọ́n á máa rán an bù.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Nígbà tí ìjọba ológun ní kí a dìbò yan àwọn káńsẹ́lọ̀, láìsí ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, mo sọ fún ọkọ mi pé mo fẹ́ du ti Fìdítì, kí n lè gbé omi wá sí ilé ìgbẹ̀bí náà. Òṣìṣẹ́ tó bá sì fẹ́ dù ú gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ mi ní, "Ṣé o mọ̀ pé bí o bá fi í sílẹ̀, ó lè má ṣeé padà sí?"

Mo ní mo mọ̀.

Ó ní, "Ó dáa. Bóo bá ti mọ̀ ọ́n."

Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé agbo ilé ti ṣe ìpàdé tiwọn láìsọ fún wa. Àbúrò ọkọ mi, ọmọ tí mo wẹ̀ fún, ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà, aṣọ rẹ̀ mọ́, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Òun ni wọ́n fẹ́ kó du ipò náà lórúkọ ilé. Wọ́n pè mí sí ọ̀ọ̀dẹ̀ baálé. Mo kúnlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní kí n dìde.

Baálé ní, "Ìyàwó, a gbọ́ pé o fẹ́ du ipò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Ọkọ rẹ náà fẹ́ dù ú." Ó nawọ́ sí àbúrò ọkọ mi tó jókòó sórí àga. "Ìyàwó kì í bá ọkọ ẹ̀ du oyè."

"Bàbá, ẹ má bínú, káńsù kì í ṣe oyè."

"Ohun tí èèyàn méjì bá ti ń dù, oyè ni."

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Mo wo ọkọ mi. Ó ní òun rò pé ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ìdí tí mo fi fẹ́ dù ú. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, omi ni, àbúrò rẹ̀ náà mọ̀ pé omi kò sí. Ìyá ọkọ mi wà nídìí ògiri, ó ń bó ọsàn tí yóò tà létí títì lọ́jọ́ kejì. Obìnrin tí ahọ́n rẹ̀ mú ni, kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà kò gbé ojú sókè. Ìyàwó ni òun náà nínú ilé yẹn. Mo dìde pẹ̀lú ìbínú, mo wọ yàrá mi lọ, mo sì sunkún. Iṣẹ́ ti lọ, ipò kò sí, ilé ìgbẹ̀bí sì wà bó ṣe wà.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ mo wọ mọ́tò lọ sí Ìlọrà láti lọ sọ ẹjọ́ mi fún àwọn ènìyàn mi. Àbúrò bàbá mi ni olórí ilé nígbà náà. Ó gbọ́ ọ títí, ó káàánú mi, ó sì ní kò sí ohun tí àwọn lè ṣe sí ọ̀rọ̀ ilé ọkọ. Ìyáálé ilé wa ló ti inú ilé ìdáná bọ́ síta. Obìnrin kúkurú kan ni, ó ń ta obì, bí ó bá ń sọ̀rọ̀ ṣe ni yóò fọwọ́ lé ìbàdí.

Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ gbọ́. Ilé ìgbẹ̀bí tiwa náà ò lómi. Ìlọrà náà ń wá káńsẹ́lọ̀. Ọkọ wa nìyí, ó mọ̀wé, ó lẹ́nu, ó sì mọ gbogbo wọn ní Ọ̀yọ́. Ọkọ wo la tún ń wá kiri?"

Bàbá ní, "Ọmọ tó ti lọ sílé ọkọ, ṣé tiwa ni yóò máa sọ?"

"Ẹ bi í. Ó jókòó síbí."

Wọ́n bi mí. Mo ní bí Ìlọrà bá rán mi, iṣẹ́ Ìlọrà ni n ó jẹ́. Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn, bí ènìyàn ṣe máa ń sọ nǹkan nígbà tí kò tíì mọ iye tó máa ná òun.

Ọ̀nà tí àwọn obìnrin yẹn gbà ṣe é ṣì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Wọn kò lu agogo, wọn kò pe ìpàdé. Àwọn ìyàwó ilé wa kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ fún wa tó, ọkọ ni wọ́n nílé bàbá tiwọn. Olúkúlùkù wọn gba ilé rẹ̀ lọ. Ní ibẹ̀ àwọn ìyàwó ilé kúnlẹ̀ fún òun náà, ó sì pàṣẹ fún wọn bí ọkọ ṣe ń pàṣẹ. Àwọn ìyẹn náà gba ilé bàbá tiwọn lọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, kò sí agbo ilé kan ní Ìlọrà, ti Mùsùlùmí ni, ti Onígbàgbọ́ ni, tí ọ̀rọ̀ mi kò tíì gba ẹ̀yìnkùlé wọ̀. Àwọn ọkùnrin méjì tó ń bá mi dù ú ṣì ń kí àwọn baálé ilé kiri nígbà tí ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Mo wọlé ní Ìlọrà. Àbúrò ọkọ mi wọlé ní Fìdítì. Àwa méjèèjì jọ ń wọ mọ́tò kan náà lọ sípàdé ní Ọ̀yọ́, èmi lẹ́yìn, òun níwájú.

A jókòó sí káńsù yẹn pẹ́ kí owó omi tó jáde. Nígbà tí yóò sì jáde, kànga jíjìn kan ṣoṣo tó ní ẹ̀rọ ìfami ni, fún ilé ìgbẹ̀bí kan ṣoṣo lápá ọ̀dọ̀ wa. Yálà Fìdítì tàbí Ìlọrà. N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé, àbúrò ọkọ mi wá sí ìyẹ̀wù wa. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo gbé iyán síwájú rẹ̀.

Ó ní, "Ìyàwó, o mọ ohun tó wà nílẹ̀ lọ́la."

"Mo mọ̀ ọ́n, ọkọ mi."

"Ilé ìgbẹ̀bí tóo torí ẹ̀ fiṣẹ́ sílẹ̀ náà ni. Bóo bá ti nawọ́ sókè fún un, ó parí."

"Fìdítì ló rán yín, ọkọ mi. Ìlọrà ló rán èmi."

"Ṣé Ìlọrà lo ń sùn ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo sọ fún un pé ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a rán ni sí. Ó wò mí bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó rí mi. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, kò jẹ iyán náà, ó jáde.

Ní ìpàdé, ó sọ̀rọ̀ dáadáa, mo gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tó sọ nípa ilé ìgbẹ̀bí Fìdítì, ẹnu mi ló ti gbọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n ní kí a nawọ́, ìbò ìhà méjèèjì dọ́gba, ó ku tèmi. Mo rántí ọmọ tí wọ́n fi omi ìgò nù. Mo rántí ìyáálé ilé wa, tó fọwọ́ lé ìbàdí. Ní ọ̀ọ̀dẹ̀ baálé ní Fìdítì, wọ́n ní ìyàwó ni mí. Ní Ìlọrà, wọ́n bi mí léèrè ìbéèrè kan, mo sì dáhùn. Mo nawọ́ sókè fún Ìlọrà. Kò dùn mọ́ mi nínú, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún pè mí síbẹ̀ lónìí, ibẹ̀ náà ni n ó nawọ́ sí.

Mọ́tò tó gbé wa bọ̀ dé Ìlọrà kó tó dé Fìdítì. Àwọn obìnrin ti gbọ́, wọ́n dúró létí títì, wọ́n ń ké "Ọkọ wa! Ọkọ wa!" Àbúrò ọkọ mi jókòó sínú mọ́tò, ó kọjú síwájú, mọ́tò sì gbé e lọ. Bí mo ṣe délé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo ilé ti mọ̀.

Kò sí ẹni tó bú mi. Ì bá sàn bí wọ́n bá bú mi. Wọ́n ń kí mi, "Ẹ kú iṣẹ́ ìlú," wọ́n á sì gba ibòmíràn lọ. Ìyàwó ilé tó tẹ̀lé mi, ẹni tí mo fẹ́ràn bí àbúrò, wà nínú oyún. Ẹ̀ẹ̀rùn mú nígbà tí àkókò rẹ̀ tó. Ní òwúrọ̀ tí ìrọbí mú un, mo gbé ìkòkò, mo rìn lọ sí odò tó jìnnà, mo pọnmi, mo rù ú lọ sí ilé ìgbẹ̀bí. Mo tún padà. Àwọn ènìyàn ń wò mí láti ojú fèrèsé. Ìyá ọkọ mi jókòó sídìí ọsàn rẹ̀ létí títì, ó wò mí títí mo fi dé iwájú rẹ̀.

Ó ní, "Káńsẹ́lọ̀ ń pọnmi."

Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, ìyá mi," mo sì ń bá tèmi lọ, omi ń ta sí mi lójú.

Obìnrin náà bí ọmọkùnrin. Ó dì mọ́ mi lọ́rùn, ó ń sunkún, èmi náà ń sunkún. Àmọ́ nígbà tí a délé, kò tún lè bá mi sọ̀rọ̀ lójú gbogbo ayé.

Mo parí sáà mi ní káńsù. Kò sí kànga mìíràn títí a fi túká. Nígbà tí wọ́n wá ṣí òṣèlú ẹlẹ́gbẹ́, àwọn ọkùnrin alágbádá wá bá mi pẹ̀lú mọ́tò ńlá. Ẹgbẹ́ kan ní kí n wá ṣe olórí àwọn obìnrin fún àwọn. Ẹgbẹ́ kejì náà ní bẹ́ẹ̀. Mo béèrè iṣẹ́ tí olórí àwọn obìnrin ń ṣe. Wọ́n ní n ó máa kó obìnrin jọ bí àlejò pàtàkì bá ń bọ̀, kí wọ́n lè jó. Mo ní àwọn obìnrin tí mo mọ̀ kì í ṣe aláìríṣẹ́ṣe. Ọkọ mi tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n gbọ́ ọ.

Búrẹ́dì ni mo gbájú mọ́. Ohun tí mo ti ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn láti ọjọ́ yìí wá, n kò fi ṣe owó fún ara mi rí. Mo mọ ààrò amọ̀ sí ẹ̀yìn ilé, mo ra páànù, mo ra fùláwà àti yíìsì. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe jóná nísàlẹ̀, ó sì tutù láàárín. Èyí tó tẹ̀lé e dára. Àwọn awakọ̀ tó ń lọ sí Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ń dúró rà á pẹ̀lú ọsàn, àwọn iléèwé ń rà á, Ìlọrà ń rà á bí ẹni pé àwọn ni wọ́n ni ín. Fìdítì nìkan ni kò rà á. "Búrẹ́dì Ìlọrà" ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wọn ni èéfín rẹ̀ ti ń rú.

Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ yí padà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi mú búrẹ́dì kan lórí àtẹ mi. Eyín rẹ̀ kò lágbára mọ́, ó bó èèpo rẹ̀ sọ nù, ó jẹ inú rẹ̀, lójú títì, níbi tí gbogbo ọjà ti ń wò ó. Ó ní kò burú, iyọ̀ ló kéré. Láti ọjọ́ náà ó ń tà á pẹ̀lú ọsàn rẹ̀, bí ẹnì kan kò bá sì fẹ́ ra búrẹ́dì, á sọ fún un pé ọsàn náà ti tán. Díẹ̀díẹ̀ ni ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í rà á.

Nígbà tí owó búrẹ́dì mi ká a, mo pe àwọn agbẹ́kànga sí ilé ìgbẹ̀bí Fìdítì. N kò tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbẹ́ ibi àkọ́kọ́, wọ́n kan àpáta. Wọ́n sún sí ẹ̀gbẹ́ kejì, lábẹ́ igi máńgòrò, omi sì jáde níbẹ̀, ó mọ́, ó tutù. A fi sìmẹ́ńtì mọ ọ́n láti ìsàlẹ̀ dókè, a dé e, a sì fi ẹ̀rọ ìfami sí i. Àbúrò ọkọ mi kọjá níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí iṣẹ́ ń lọ. Ó kí àwọn òṣìṣẹ́, ó kí mi, kò dúró.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí i, ìlú péjọ. Àwọn àgbà jókòó sórí àga, pásítọ̀ gbàdúrà, ààfáà náà ṣàdúà. Àwa ìyàwó ilé kúnlẹ̀ lápá kan bí ó ti yẹ. Baálé dìde, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe. Ó ní inú òun dùn pé ilé àwọn ti ṣe ohun tí ìjọba kò lè ṣe. Ó ní ọmọ àwọn, tó ti ṣe káńsẹ́lọ̀ ìlú yìí, ló máa fa omi àkọ́kọ́ lórúkọ ilé. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àbúrò ọkọ mi dìde, ó tún fìlà rẹ̀ dé.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo kàn rí i pé mo ti wà lórí ìdúró, èmi nìkan láàárín àwọn obìnrin tó wà lórí ìkúnlẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ilé kọ́ ló gbẹ́ ẹ. Èmi ni mo gbẹ́ ẹ."

Baálé wò mí, ó wo ọkọ mi. Ọkọ mi rìn wá, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àbúrò ọkọ mi dúró sáàárín, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n kúnlẹ̀ padà, kí n tọrọ àforíjì. N kò kúnlẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ló fọwọ́ ti ilẹ̀, tó dìde, tó gbé korobá rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀. Ṣé ẹ máa jẹ́ ká pọnmi, àbí ẹ tún fẹ́ dìbò sí i?"